Obìnrin Tí Kò Lórúkọ Nínú Ìwé

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ pé mi ò fẹ́ràn wọn. Àwọn tí a jọ ń jókòó sọ̀rọ̀ ìwé ní ilé ìtàwé kékeré yẹn, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barking ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè bá jẹun pọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ojú ló fi ń ronú. Ó máa ń sọ pé gbólóhùn inú ìwé "ń mí". Obìnrin kan tún wà tó gbà pé ibi yòówù kí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, èmi ló yẹ kí n sọ bó ṣe rí ní Áfíríkà. A ka ìtàn apẹja kan ní Scotland, ó yíjú sí mi: ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pẹja lọ́dọ̀ tiyín? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Inú fírísà ni mo ti mọ ẹja.

Síbẹ̀, mi ò kì í pa ìpàdé wọn jẹ. Òjò ló kọ́kọ́ lé mi wọlé níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Dagenham Dock, níbi tí mo ti ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ tírélà, tí àwọn náà sì ń fi èébú dá mi lóhùn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wò mí bí omi ṣe ń ro lára mi, ó ní, "Irú ìtàn wo lẹ fẹ́ràn?" Ó parí síbẹ̀. Kò béèrè ọkọ mi, kò ní àwọn ọmọ ńkọ́. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Mo ra ìwé kan tó jẹ́ pé mi ò fẹ́, mo sì tún padà wá.

Ọmọ ni mò ń wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a, gbogbo ìjọ wa ní Castle Green ló sì mọ̀. Ìjọ Aládùúrà ni wá. Bí a bá fẹ́ gbàdúrà fún ènìyàn, a ó pe orúkọ rẹ̀, a ó sì pe orúkọ ìyá tó bí i, kí àdúrà má baà ṣìnà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwa obìnrin tó ń wá ọmọ á bọ́ bàtà, a ó kúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun, Ìyá Ìjọ á sì máa pè wá níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ mi, orúkọ ìyá mi, fi ọmọ jíǹkí rẹ̀, àmín. Tí mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà, á máa ṣe mí bí ẹni tí wọ́n tú aṣọ rẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Ó sú mi. Mo parọ́ fún wọn pé iṣẹ́ ti gba Ọjọ́bọ̀ mi, ilé ìtàwé ni mo sì ń gbà lọ. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń wá nǹkan kan.

Ìwé tí a kà lóṣù kan, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dẹ mí wò. Ìtàn obìnrin kan tó ń wá ọmọ ni. Mo rò ó pé kí n má lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá sá, wọ́n lè béèrè ìdí. Mo lọ, mo di ẹnu mi. Ọkùnrin wa bọ́ awò rẹ̀, ó ní ilé ọmọ obìnrin yìí, orílẹ̀-èdè ni òǹkọ̀wé ń fi í sọ. Gbogbo wọn mi orí. Mo gbé ife tíì bo ẹnu kí n má baà bú u. Ẹni tí kò dúró de nǹkan oṣù rí láyé rẹ̀, tó ń fi ilé ọmọ ya máàpù!

Àṣé Ìyá Ìjọ ti rí mi láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, bó ṣe ń lọ sí àdúrà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú sùtánà lábẹ́ kóòtù.

"Ọmọ mi, ṣé shift náà nìyí?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ti fa àga fún un.

"Ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀?" ni Ìyá Ìjọ bi mí.

"Obìnrin kan ni, Ma. Ó ń wá ọmọ."

Èmi ni mi ò tètè ronú. Ní tiwa, bí àwọn ènìyàn bá jókòó yí ká, tí ìwé wà lórí itan wọn, tí wọ́n ń sọ ìṣòro obìnrin kan, ìpàdé àdúrà nìyẹn, ó wá ku kí wọ́n gbà á. Ìyá Ìjọ yíjú sí wọn.

"Please, what is her name?"

Ọkùnrin wa ní kò lórúkọ. Ó ní ọgbọ́n ìwé náà gan-an nìyẹn, pé gbogbo obìnrin ni.

"And her mother?"

Òun náà kò lórúkọ. Ìyá Ìjọ wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àwọn tó gbé aláìsàn wá sí ọsibítù tí wọn ò mọ ilé rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn lásán ni."

"Ìtàn lásán kẹ̀? Ṣé kò sunkún níbẹ̀ ni?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Orúkọ tìẹ la máa fi gbà á fún un."

Ó pe orúkọ mi. Ó pe orúkọ ìyá mi. Ó sì gbà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo wọn lè ṣe àmín: "Father, all these years, no child. Open her womb." Ó fi ti obìnrin inú ìwé tí wọn ò sọ lórúkọ kún un. Òun nìkan ló ṣe àmín. Inú bí mi, mo fa ọwọ́ mi yọ, mo sì sìn ín jáde.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. "Ó wá bí i níkẹyìn?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Ma."

"Ìkà ni ẹni tó kọ ọ́."

Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, èyí nìkan ni mo fara mọ́.

Nígbà tí mo padà, gbogbo wọn ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin apẹja, ẹni tó bi mí nípa ẹja yẹn, gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọkùnrin wa ti wọ awò rẹ̀ padà, kò sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè mọ́. Mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wò mí yẹn. Òun ni wọ́n fi ń wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wọlé.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo dé, ìwé mìíràn ló wà lórí tábìlì. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́bàá òkú. Ó ní àwọn ti pààrọ̀ èyí tí a yàn tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n bí ìbejì nínú rẹ̀. "A rò pé ó lè dùn yín."

Èyí tí a yàn tẹ́lẹ̀ wà nínú àpò mi. Mo ti kà á tán, mo sì ti ki bébà sí gbogbo ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn jókòó, òun ni ìwé tí mo fẹ́ràn jù. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí tábìlì.

"Èmi ti kà á," ni mo wí. "Ibi tí wọ́n ti bí àwọn ìbejì yẹn ló dùn jù."

Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Obìnrin apẹja nawọ́, ó ń wá èjìká mi.

Mo dá ìwé mi padà sínú àpò, mo sì jáde. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá.