Ọjọ́ tí Àgùntàn Jẹ́rìí fún Agbo Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àgbò lè kàn mí ṣubú láìlo agbára, ilẹ̀ gbalasa kan wà láàárín agbo ilé wa àti agbo ilé kejì, nítòsí ọjà Ìpàtà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan la ilẹ̀ náà já. Ibẹ̀ la ń gbà lọ pọn omi ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni ìyá bàbá mi, tí orúnkún ń dà láàmú, ń gbà lọ kírun ní mọ́sáláṣí.

Ìjọba ìbílẹ̀ wá ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀. Ẹ ò bá rí bí inú gbogbo wa ti dùn tó! Àfi ìgbà tí katapílà dé tó ha gbogbo ibẹ̀ pupa fòò, tí awọnlẹ̀ káńsù sì na okùn yí i ká fún ògiri. Ọ̀nà wa pòórá. Bí ògiri yẹn bá lè dìde, títì ọkọ̀ ni ìyá àgbà yóò máa gbà yípo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e débẹ̀.

"Ṣé kí n wá máa dá kírun nílé bí ẹni tí wọ́n lé láàárín ìlú ni?" Bẹ́ẹ̀ ló ń wí kiri.

Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, gbé ẹjọ́ lọ sí káńsù. Ẹni tó ta ilẹ̀ ti sọ fún wọn pé kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n alága ayé ìgbà yẹn fúnra rẹ̀ ló wá wò ó lẹ́yìn ìrun alásàrí, òun àti awọnlẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ibo gan-an ni ọ̀nà ọ̀hún? Ilẹ̀ pupa nìkan ni mo rí."

"Katapílà yín ló gbé e mì, alága. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí wa lọ jẹun ní Ìpàtà, wọ́n ń bọ̀."

Awọnlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ẹlẹ́rìí tó lọ jẹun! Ṣé wọ́n á lè sọ̀rọ̀ níwájú alága ṣá?"

"Bẹ̀ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń wí," ni Mọ́gàjí dá a lóhùn.

Àwọn àgùntàn wa ni Mọ́gàjí ń sọ! Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ ṣa èèrí ọkà jẹ lọ́jà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dá ara wọn padà wálé. Gbogbo ènìyàn ti tò bí ẹni ń wòran. Oòrùn ń rẹlẹ̀, a ò rí wọn. Alága ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní bóyá wọ́n ti jí wọn gbé.

Lójijì ni abo tó máa ń ṣíwájú yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e.

"Ẹ má lé wọn o!" Mọ́gàjí pariwo. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè wọ́n!"

Ẹnu ti yá mi láti kígbe. Ọmọdébìnrin kan láti agbo ilé kejì sáré fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ náà ń ta sánsán ẹ̀pà sísun. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé òun ni mo padà fẹ́.

Ẹ wo àgùntàn! Wọ́n gba àárín ilẹ̀ pupa yẹn kọjá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí igi òdán wà tẹ́lẹ̀, tí katapílà ti hú u, wọ́n yà bàrá bí ẹni pé igi ṣì dúró. Wọ́n dé ìdí okùn, abo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ìwo àgbò gbé okùn, èèkàn fà tu, okùn lọ́ mọ́ awọnlẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ gbì!

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. "Wáláhì, n kò rí ẹlẹ́rìí tí kò gba rìbá bí irú èyí rí. Dìde, ọ̀gbẹ́ni! Ibi tí wọ́n bá tẹ̀ ni kí o kan èèkàn sí." Ọkùnrin náà gbá èèkàn mọ́ra, ó ń sáré tẹ̀ lé ìdí àgùntàn, àwa ọmọdé ń hó tẹ̀ lé òun náà. Ìyá àgbà gbé búútà rẹ̀, ó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ kírun, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìdájọ́.

Ayé ti yí. Lórí fóònù ni wọ́n ń fi ẹjọ́ ilẹ̀ sun káńsù báyìí, ẹni tó máa dá a kì í sì í fi ojú kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé ti kó lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn ìlú, kò sẹ́ni tó ń sin àgùntàn mọ́. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti káńsù wá bá mi. Ó ní wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà náà, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbà á mọ́.

Mo ní mo ń gbà á. Ìyàwó mi ti kú, agbo ilé kejì lọ́hùn-ún, nílé bàbá rẹ̀, ni a sin ín sí, mo sì máa ń lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ̀yin nìkan, bàbá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi nìkan, ní báyìí.