Bírákẹ́tì Kan fún Ìyá Kọ̀ọ̀kan

Lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi, mo ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Sùúrùlérè. Ọ̀gá mi, tó mọ gbogbo nǹkan nípa kọ̀ǹpútà àfi bí wọ́n ṣe ń tàn án, ní òun máa fi oṣù mẹ́ta dán mi wò. Oṣù kẹta ti ń parí lọ nígbà tí ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan dé láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó: ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mọ́kànlá, oníkálukú lábẹ́ ìyá tó bí i.

Lójú kọ̀ǹpútà tiwa, ó gún régé. Ṣùgbọ́n ti ilé ìtẹ̀wé ní Múṣin, tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde, kì í ka àmì tí tiwa fi ń to nǹkan sábẹ́ ara wọn.

"Yọ àwọn àmì yẹn kúrò," ni ọ̀gá wí.

Mo yọ wọ́n. Tìyá tọmọ wá tò gbọọrọ bí èrò tó wá ra kẹrosíìnì, a ò mọ ẹni tó bí ta.

"Àǹtí," ọ̀gá wí (ìgbà tó bá fẹ́ lé mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀), "tí kò bá dáa kó tó di Fúráìdé, máa gbé ọmọ rẹ lọ sílé."

Mo fún ọmọ lọ́mú, mo ronú. Àmì tí ẹ̀rọ wọn ò lè kà, ṣebí mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ÌYÁ síwájú orúkọ ìyá, ỌMỌ síwájú tọmọ. Mo ṣí bírákẹ́tì fún ìyá kọ̀ọ̀kan, mo pa á dé lẹ́yìn àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ̀wé ní Múṣin wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tirẹ̀: ohun tó bá wà nínú bírákẹ́tì, kó lọ jókòó sábẹ́ ìyá rẹ̀.

Ó gbọ́ràn ju ọkọ mi lọ. Ti ìyàwó kejì nìkan ni mo gbàgbé láti pa dé, torí ọmọ tọ̀ sí mi lẹ́yìn.

Àkọ́bí ìyàwó kékeré ló wá yẹ ìwé náà wò. Ó kà á, ó fi ìka sórí orúkọ ìyá rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, ìgbà wo ni orogún màmá mi wá bí màmá mi?"

Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ló ṣe é.

"Èmi ni mà," mo wí. "Mi ò pa ìyàwó kejì dé."

"Bó ṣe ń ṣe sí màmá mi nílé gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ síta."

Mo fi bírákẹ́tì kan sí i. Ní Fúráìdé, ó ka àwọn àbúrò rẹ̀ lábẹ́ ìyá wọn, wọ́n pé. Ó bi ọ̀gá bóyá èmi náà ni màá tẹ ìwé ìrántí ọdún kan.

"Òun ni mà," ọ̀gá wí. "Ta ló tún kù?"

Bí mo ṣe yege nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.