Oògùn Kan Náà, Ebè Tí Kò Dọ́gba

Láti Òmù-Àrán dé Agbamu, kò sí ẹni tó ń kọ ebè bí tèmi. Mi ò kàwé kọjá púrámárì tírì, àmọ́ igba ebè ni mo ń kọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí lópin poro.

Àáró la jọ ń ṣe láti ìgbà èwe: lónìí oko mi, lọ́la oko rẹ̀. Ọdún kan náà ni àìsàn ọkàn mú wa, dókítà kan náà ló tọ́jú wa. Ó kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ṣàìsàn, tó tún ń fa sìgá, àìsàn náà ló ń pè padà wálé.

Mo ní, "Bàbá mi fà á títí wọ́n fi hu ewú."

Ó ní, "Ṣé ọkàn tiwọn náà dáṣẹ́ sílẹ̀ rí bí tiyín?"

Mo dín in kù sí mẹ́ta lójúmọ́, lẹ́yìn abà. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Nígbà tó di ọdún kẹta, ọ̀rẹ́ mi ń kọ ebè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi, bí mo bá kọ ogún, àyà á fún mi pinpin, ni mo bá jókòó. Ara fu mí. Àbí oògùn gidi ni wọ́n fún un, tí wọ́n fún mi ní ẹfun? Àbí àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ékòó ló ń fi òmíràn ránṣẹ́?

Bó ṣe lọ pọnmi, mo tú àpò rẹ̀. Mo kó oògùn rẹ̀ ti tèmi: àwọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà. Mo tiẹ̀ fi ahọ́n kàn wọ́n: ìkorò kan náà. Ibẹ̀ ló bá mi.

"Olè! Kí lò ń wá?"

"Èyí tí o fi pa mọ́ fún mi."

Ó fà mí léwù, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ta ló ń fi nǹkan pa mọ́ sẹ́yìn abà? Ìwọ tàbí èmi? Bí o bá kú, ta ni n óò máa bá ṣe àáró? Àwọn ọmọ ìwòyí tó ń họlẹ̀ bí adìyẹ?"

Mo lọ mú páálí sìgá mi wá lẹ́yìn abà, mo rì í sínú ebè tí mo ń kọ lọ́wọ́.

Ó pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Àyà ṣì ń fún mi, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó fún. Ọ̀rẹ́ mi ni mo wá ń fura sí: ó jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń rọra kọ tirẹ̀ kí n lè bá a. Kó má dán an wò. Màá bá a fúnra mi.