Òkè Wúrà àti Àdúrà Tí Mo Dá Dúró

Ohun tó ń dàrú mọ́ mi lójú títí di òní ni pé ọ̀dọ̀ wúrà ni mo ti sá wá, ọ̀dọ̀ wúrà náà sì ni ọmọ mi tún sá lọ.

Ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléṣà ni wọ́n ti bí mi. Wọ́n ń wa wúrà níbẹ̀, nínú oko kòkó àti létí odò, kòtò sì pọ̀ káàkiri. Bàbá mi kì í jẹ́ ká débẹ̀ rárá. Nígbà tí mo pọn ọmọbìnrin mi wá sí Dublin láti wá tọrọ ibi ìsádi, ọmọ tó máa jókòó sí ọ́fíìsì, tí ọwọ́ rẹ̀ máa mọ́, ni mo rò pé mo pọ̀n.

Ó kàwé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta ló lọ kọ́. Nígbà tó parí, ó jókòó sí kíṣìnì wa ní Phibsborough, ó ń jẹ dòdò, ó ní iléeṣẹ́ kan ti gba òun síṣẹ́ lórí òkè kan ní àríwá Kánádà, níbi tí wọ́n ti wa wúrà láyé àtijọ́, tí iléeṣẹ́ náà tún ń wá a báyìí. Ó fi àwòrán òkè náà hàn mí. Igi hù dé ìdajì, ó sì dáwọ́ dúró, bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi tọdún tọdún. Iná igi ni àwọn awakùsà àtijọ́ ń dá sórí rẹ̀ kó lè rọ̀, kí wọ́n tó lè gbẹ́ ẹ. Èèyàn wọ́ wá láti ibi gbogbo, wọ́n ru ẹrù gba inú yìnyín, wọ́n kọ́ ilé pákó, wọ́n kọ́ ilé ọtí. Nígbà tí wúrà ojú ilẹ̀ tán, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n là?" mo bi í.

"Most of them went home with nothing, Mam."

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọmọ tèmi ń béèrè ọ̀nà kòtò.

Inú bí mi, àmọ́ mi ò pariwo. Ohun ìjà kan wà tí ìyá mi lò fún mi rí, tí mi ò fi lè gbẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbàdúrà fún ọ."

Ọmọ tó bá dàgbà sílé, tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, á wá àgbààgbà tó máa bá a bẹ ìyá rẹ̀. Á kúnlẹ̀, ìyá á gbọ́wọ́ lé e lórí, ìgbà yẹn ló tó lè di ẹrù. Ọmọ tèmi dì mọ́ mi.

"That's grand, Mam. Don't be worrying." Ó sì lọ wá báàgì.

Mo rò pé ó ń díbọ́n ni. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti èèyàn títí á fi gbà. Lọ́jọ́ tó máa lọ, mo jókòó sí pálọ̀, mo fa tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè kúnlẹ̀. Ó gba àyè náà wọ́ báàgì rẹ̀ kọjá. Táásì ti dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo lọ ra ata ní Moore Street, mo sanwó, mo fi ata sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní ká gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa, ẹnu mi á dákẹ́. Ṣé mo lè gba àdúrà tí mo ti ní mi ò ní gbà? Ṣé Ọlọ́run gbọ́ ohun tí mo sọ ní kíṣìnì, àbí kò gbọ́? Bí mo bá sì pe ọmọ mi, á ní alẹ́ ti lẹ́ lọ́dọ̀ òun, síbẹ̀ oòrùn á ràn yòò lẹ́yìn rẹ̀, torí oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀ nígbà ooru. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kí i pé ṣé ó jíire ni, àbí kí n ní ó dàárọ̀.

Ní Sátidé kan, mo lọ gba atẹ́gùn létí òkun ní Dún Laoghaire, ó sì pè mí lórí fídíò. Etí odò kan lábẹ́ òkè náà ló wà. Ilé pákó kan ti wó sẹ́yìn rẹ̀, sàréè awakùsà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Mo bi ara mi bóyá ìyá ẹni yẹn gbàdúrà fún un kó tó lọ, bóyá kò gbà.

"Look, Mam, this is how they did it."

Ó gbé fóònù lé òkúta, ó mú abọ́ irin pẹrẹsẹ kan, ó sì kúnlẹ̀ létí omi lórí orúnkún méjèèjì. Ó tẹrí ba, ó bu yanrìn odò sí i, ó ń mi abọ́ náà yíká kí wúrà lè yà kúrò lára yanrìn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sí orí rẹ̀ lójú fóònù. "Òkè yìí ò ní gbé ọ mì. Ilẹ̀ ò ní là mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ ló máa gbé ọ bọ̀. Wọn ò ní sin ọ́ síbi tí wọn ò ti mọ orúkọ rẹ." Omijé ń bọ́ lójú mi. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn yà fún mi.

Abọ́ náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, kò dìde.

"Àmín," ó ní, pẹ̀lú ohùn ará Dublin rẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "You said you wouldn't."

Ó gbọ́ mi ní kíṣìnì ọjọ́ náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn lọ. Bóyá wúrà ló kúnlẹ̀ fún, àbí èmi, mi ò mọ̀, mi ò sì bi í. Mo ní kó má tíì dìde, mi ò tíì ṣe tán.