Alùpùpù Tí Mo Lọ Gbé Ní Ẹ̀júkù

Àkùkọ kò tíì kọ tán tí mo fi wọ Pijó ní gáréèjì Kàbbà, mò ń lọ gbé alùpùpù ní Ẹ̀júkù. Ilé kọ̀ǹpútà kan nílùú wa ni mo ti rí àwòrán rẹ̀ lórí ayélujára, ọjà tí ènìyàn ń ná láìrí ọlọ́jà. Ó pupa fòò, irú èyí tí bàbá mi gùn nígbà tó ń ṣe wolé-wolé, tí a ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá ní Kàdúná. Ojú bàbá ti ń ṣú. Ó ní kí òun rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣú tán. Ọlọ́jà, ọmọlúàbí, ní kí n kọ́kọ́ san ìdajì owó sí báńkì. Èmi náà, ọlọ́gbọ́n, san án.

Àádọ́jọ náírà ni wọ́n gbà dé Ìsánlú, ẹni mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ Kogi ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà, àmọ́ eyín ọ̀nà rẹ̀ ti ká. Ní Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, níbi tí a ti ra àkàrà, awakọ̀ bi mí ohun tí mò ń lọ ṣe. Mo ṣàlàyé fún un pé irú alùpùpù yìí ṣọ̀wọ́n. Ó wò mí, ó sì tan rédíò.

Mo wọ ọkọ̀ mìíràn láti Ìsánlú dé Ẹ̀júkù, mo sì fi àwòrán náà, tí mo ti tẹ̀ sórí ìwé, han ọlọ́kadà kan. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé mi lọ sẹ́yìnkùlé opó arúgbó kan. Alùpùpù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, pupa fòò, lórí ibojì. Sìmẹ́ńtì ni. Ìkéde tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà ò kúkú parọ́: kì í jẹ epo, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ti ni ín rí.

Ìyá náà jáde wá kí mi.

"Okun o, ọmọ mi. Ìwọ lẹni kẹta tó wá kí ọkọ mi láti ọ̀nà jíjìn."

Ó ní ọmọkùnrin kan ló wá ya àwòrán ibojì náà, kí gbogbo ayé lè mọ olóògbé. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ta ni yóò sọ fún un pé ọjà ni wọ́n fi ọkọ rẹ̀ ṣe? Inú bí mi, àmọ́ mo jẹ iyán tó gbé fún mi, mo kí òkú, mo sì fi díẹ̀ nínú owó alùpùpù bá a kẹ́dùn.

Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún bàbá, mo ń retí èébú. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣe dígí méjèèjì sí i. Mo ní wọ́n ṣe é, sìmẹ́ńtì náà ni.

"Mú mi lọ bẹ̀ lọ́la," ó ní. "Ojú mi ò mọ sìmẹ́ńtì yàtọ̀ sí irin mọ́."

Èmi tí ojú mi dá ṣáká, mo ti sanwó kí n tó mọ̀ ọ́n.