Irun Tí Mo Gé ní Igbó-Elérin

Mo jowú ọmọ kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, owú náà kò sì tíì tán nínú mi. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé alájọgbé kan ní Igbó-Elérin la ń gbé, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Ìyá mi ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn ní Ìyànà Ìbà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Nínú yàrá tó kọjú sí tiwa, bàbá kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ará Èkìtì, ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà ti kú. Bàbá rẹ̀ á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í wọlé títí oòrùn á fi wọ̀, torí náà ọ̀dọ̀ wa lọmọ náà ń jẹun, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn lọ́sàn-án. Mo fi ọdún kan jù ú lọ.

Jíjẹ àti sísùn rẹ̀ kò dùn mí. Irun ló dùn mí.

Ní gbogbo Sátidé, ìyá mi kì í tètè lọ sọ́jà. Wọ́n á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi orí wa sáàárín orúnkún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á di irun fún wa. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á ṣa irun tó já sórí òòyà jọ fínnífínní, wọ́n á fi bébà wé e, wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ lọ jù ú sí ṣáláńgá. Wọn kì í fi irun orí ẹnikẹ́ni ṣeré.

Ọmọ náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dì. Wọ́n ní kò níyàá, kí n mú sùúrù. Wọ́n á rọra máa ya irun rẹ̀, wọ́n á máa kọrin sí i létí, wọ́n á ní, "Wò ó bó ṣe rọ̀ lọ́wọ́, bí òwú." Nígbà tó bá fi máa kàn mí, oòrùn ti mú, ìka ti ń ro wọ́n, ọkàn wọn ti wà lọ́jà. Tèmi á wá di kíákíá, bí mo bá sì mira, wọ́n á fi òòyà gbá mi lórí. "Orí ẹ le, irun ẹ le, ìwọ náà tún le," wọ́n á wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Èwo nínú àwa méjèèjì ni wọ́n bí?

Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ṣèlérí ṣùkú fún mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì mi. Nígbà tí Sátidé dé, ọmọ náà ló tún kọ́kọ́ jókòó, òun ni wọ́n di ṣùkú fún, gbogbo ìrù irun rẹ̀ dúró gbangba láàárín orí bí adé. Nígbà tó kàn mí, wọ́n wo oòrùn. "Má bínú, ọmọ mi. Ó di Sátidé tó ń bọ̀." Wọ́n di pàtẹ́wọ́ lásán fún mi, wọ́n gbé igbá ọṣẹ, ó di Ìyànà Ìbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọ náà sùn sórí ẹní wa. Mo jókòó tì í, mo ń wo ṣùkú mi lórí ẹlòmíràn. Sísọ́ọ̀sì tí ìyá mi fi ń gé ọ̀rá ọṣẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mú un, mo gé ìrù irun kan nídìí, ẹyọ kan péré. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mira. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo jù ú sí ṣáláńgá. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ń múra fún un láti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni ọwọ́ wọn bá kan ibi tó ṣófo. Igbe tí wọ́n ké, gbogbo ojúlé ló jáde.

"Ta ló gé irun ọmọ mi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Èmi rò pé irun lásán ni mo gé. N kò mọ̀ pé lójú àgbàlagbà, irun ọmọ tí wọ́n gé tí wọn kò sì rí mọ́, ọ̀rọ̀ olóògùn owó ni. Bàbá náà wò yíká. "Ta ló fọwọ́ kan orí ẹ̀ kẹ́yìn?" Gbogbo ojú ló yí sí ìyá mi.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọ̀gá mi, mo fi Kùránì búra, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ọmọ mi nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ firun ẹ̀ ṣe?"

"Mi ò bá yín jà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ẹ ṣáà kó o jáde. Tẹ́ ò bá kó o jáde, màá kó ọmọ mi kúrò nílé yìí."

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ẹgba bà mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ju ẹgba lọ ni ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ gbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá kó lọ, orúnkún ìyá mi á di tèmi nìkan. Mo gbé e yẹ̀ wò, mo sì dákẹ́.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi kó lọ sí Ìjànikin. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, ọmọ náà sáré wá dì mọ́ ìró ìyá mi, ó ń ké. Ìyá mi kò gbá a mọ́ra. Wọ́n kó ọwọ́ wọn méjèèjì sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n tún fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró, omi ń bọ́ lójú wọn, títí bàbá rẹ̀ fi wá fà á lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé àpótí síta, mo mú òòyà, mo jókòó sílẹ̀. Ìyá mi jáde, wọ́n wò mí.

"Dìde. Mi ò dirun mọ́."

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ onídìrí tó wà létí títì, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Onídìrí náà di ṣùkú fún mi, ó dára gan-an, mo sì sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rò pé orí ló ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò tún di irun fún ọmọ kankan, títí kan àwọn ọmọ tí èmi náà bí.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan gbá mi léjìká mú ní Ìyànà Ìbà. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀. Irun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó pọ̀ bíi ti àtijọ́, inú mi sì gbóná bíi ti àtijọ́.

"Àǹtí mi! Ẹ̀yin nìyí? Ìyá Ọlọ́ṣẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé."

Ó bú sẹ́kún láàárín ọjà. "Ó pẹ́ tí mo ti ń wá wọn. Mi ò gbà á gbọ́ rí pé àwọn ló gé irun mi. Mi ò níyàá míì, Àǹtí mi. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn, ẹ jọ̀ọ́."

Kò ní ìyá mìíràn. Ó dúró níwájú mi, ó ń pe ìyá tèmi ní tirẹ̀. Mo ń pe nọ́ńbà náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, méjì ló yẹ kí n pè. Mo pe mẹ́jọ. Mo ní bátìrì fóònù wọn ti kú, kó pè wọ́n tó bá dọ̀la. Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́ dúpẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, fóònù kékeré wọn wà lórí itan wọn. Wọ́n béèrè ẹni tí mo rí lọ́jà. Mo ní n kò rí ẹnì kankan. Wọ́n gbé fóònù náà sókè, wọ́n wò ó, wọ́n tún gbé e sílẹ̀.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta báyìí," ni wọ́n wí, "kò sẹ́ni tó pè mí."

"Ṣebí èmi wà níbí, Màámi," ni mo dáhùn.