Ọ̀sán tí Gbogbo Ilé Dákẹ́ Nítorí Eyín Àbúrò Mi

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga kọjá tábìlì tí màmá mi fi ń gé aṣọ, ohun kan wà tí mo fẹ́ mọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi: kí ló ń jí ọmọ kékeré lójú oorun? Mo bi bàbá mi, mo bi màmá mi, mo bi gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé wa ní Odoakpu, nílẹ̀ Ìgbò. Olúkúlùkù dá mi lóhùn bíi pé òun ló dá oorun sílẹ̀. Ìdáhùn wọn bí mi nínú nígbà náà, ó sì ń bí mi nínú di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ náà fún yín bó ṣe lọ, kí ẹ̀yin fúnra yín dá a.

Télọ̀ ni màmá mi. Ilé gígùn kan la ń gbé, èyí tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọra. Àwa ni Yorùbá níbẹ̀, àwa àti obìnrin onídìrí kan tó wá láti Ìlọrin. Ìgbò ni gbogbo àwọn yòókù, ìyá onílé sì ni olórí wa pátá. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja. Àwọn tó ń lu páànù ọkọ̀ ló wà níwájú ilé wa, àwọn tó ń rẹ́ pákó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ń wá ibi tí kò sí ariwo ní àdúgbò wa, ẹ ó wá a títí ẹ ó fi já sétí odò.

Àárín ariwo yìí ni wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin sí, ọmọ náà sì mọ oorun sùn. Bí màmá mi bá ti kírun Àìlà tán, á fún un lọ́mú, á nu ẹnu rẹ̀, á tẹ́ ẹní kékeré sábẹ́ tábìlì, á sì tẹ́ ẹ lé e kí ojú rẹ̀ tó pa dé. Á gbọ́wọ́ lé e láyà, á kọ orin kan tí kò ju orúkọ ọmọ náà àti “sùn, sùn” lọ. Lẹ́yìn náà á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà á sùn títí ládánì yóò fi pe ìrun Alásárì. Àárín ìrun méjèèjì yìí ni màmá mi ń rán aṣọ tó ń bọ́ wa. Kò ní àkókò mìíràn, torí pé bí ọmọ yẹn bá ti lajú, ọwọ́ ọmọ náà ò lè kúrò nínú òwú àti abẹ́rẹ́.

Nígbà tó yá, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jẹ ìka, ó ń jẹ etí ẹní, ó ń jẹ téèpù tí màmá mi gbé kọ́rùn. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ta jí láàárín oorun, ó sì figbe ta. Gbogbo ilé ló gbọ́ igbe yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ màmá mi.

Onídìrí ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú òòyà lórí.

“Ẹ̀yin náà! Ọmọ ń hu eyín, ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí aṣọ tí ẹ fẹ́ gé? Ẹ gbé e fún mi jàre.”

Ó pọ̀n ọ́n, ó ń dirun lọ, ọmọ sì sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jí. Ó tún pọ̀n ọ́n, ó tún sùn. Ó sọ̀ ọ́, ó jí. Inú onídìrí dùn, ó ní òun ti rí oògùn rẹ̀. Oògùn wo? Kó tó di ọjọ́ kejì, ọmọ tó máa ń fi ara rẹ̀ sùn lórí ẹní ti mọ̀ pé ẹ̀yìn wà láyé. Bí ẹ bá ti ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, igbe ni. Onídìrí sì ti padà sídìí oníbàárà rẹ̀, màmá mi ló ku ẹ̀yìn fún.

Bàbá mi ló ṣe ìkejì. Ó ra páúdà eyín kan bọ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì tí kò rí ọmọ náà, tí kò béèrè bó ṣe dàgbà tó, tí kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún ọmọ lá. Ó sùn ní òwúrọ̀ bí ẹni tó rìn láti Ìbàdàn wá, nígbà tó sì di àkókò oorun rẹ̀ gan-an, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Màmá mi wo oorun tó sùn yẹn, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó da páúdà náà sí gọ́tà. Bàbá mi ṣe fùú, kò jẹun ọ̀sán.

Èyí tó burú jù, ìyá onílé ló ṣe é, ìyá tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn, ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lédè Ìgbò. Ó wọlé wá, ó jókòó, ó wo ọmọ.

“Mama Telọ, ndo,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́ lédè wọn. “But this your machine too dey shout. Pikin wey mouth dey pain, na inside this noise e go sleep?”

Màmá mi bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá onílé kò fi mọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ní kí obìnrin tó máa ń gún akpu, ìyẹn fùfú, gbé odó rẹ̀ lọ sí ilé kejì. Ó ní kí onírédíò pa rédíò rẹ̀. Ó jáde tọ àwọn tó ń lu páànù lọ, àwọn géńdé tí wọn kì í gbọ́ràn sí ọlọ́pàá lẹ́nu, ó ní kí wọ́n fi àsìkò náà jẹun, kí wọ́n sì rọra jẹ ẹ́. Wọ́n gbọ́! Lọ́sàn-án gangan ní Odoakpu, mo gbọ́ bí eṣinṣin ṣe ń fò. N kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ẹnì kan kú.

Àbúrò mi náà lajú sílẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Bí ṣíbí bá já lọ́wọ́ ẹnì kan, á ta gìrì. Bí ẹnì kan bá húkọ́ lọ́nà, á ké. Gbogbo ilé á wá sáré wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́: “Ó tún ti jí? Ó mà ṣe o! Eyín yìí le o.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tó jẹ́ kí n máa bínú nìyí. Láàárín gbogbo rẹ̀, eyín náà yọ. Méjì, nísàlẹ̀, funfun bí ìrẹsì. Èrìgì wálẹ̀, itọ́ dáwọ́ dúró, ara ọmọ tutù. Síbẹ̀ kò sùn. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Eyín ti yọ, kí ló tún ń jí i?” Onídìrí ní òmíràn ló ń bọ̀. Bàbá mi ní òmíràn ló ń bọ̀. Mo ti ìka mi bọ ẹnu rẹ̀ láti wádìí. Kò sí òmíràn. Àwọn méjì tó ti yọ gé mi jẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà màmá mi kò lè dúró de ìwádìí mi. Iléèwé fẹ́ wọlé, yunifọ́ọ̀mù wà nílẹ̀ tí a kò tíì kan ọwọ́ sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ wọn padà. Bàbá mi wá dá a lábàá pé kí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìwó, wá mú un lọ sílé títí yóò fi máa rìn.  Èmi mọ ohun tí màmá mi ń rò. Àwọn kan tí a jọ wá láti ilé ti fi ọmọ wọn ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ó kí ìyá rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, àǹtí.”

Màmá Ìwó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀já tuntun nínú báàgì. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni òun àti ọmọ yóò lọ. Nígbà tí wọ́n kírun Àìlà tán, màmá mi mú ègé aṣọ kan jáde, ó ní òun fẹ́ rán ohun tí ọmọ yóò wọ̀ rìnrìn-àjò. Ìyá onílé ti lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tí yóò ní kó má rán an. Ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ọmọ ń ké. Ó ní kí n dì í mú. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ gbé orí. Ó yí ojú sí ibi tí ìró náà ti ń wá. Igbe rẹ̀ dín, ó di ìkùnsínú. Ó na ọwọ́, ó gbá ẹsẹ̀ tábìlì mú níbi tó ti ń gbọ̀n, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Màmá mi kò rí i, omi ló wà lójú rẹ̀.

Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó.”

Ó dáwọ́ dúró láti wò ó. Ọmọ ta gìrì. Ó tún tẹ ẹ̀rọ náà kíákíá. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó sùn.

“Yéè!” màmá mi ní. “Ṣé ariwo la gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí?”

Màmá Ìwó yọjú láti yàrá kejì. “Ṣé ọmọ tí ẹ ní kì í sùn nìyí?”

“Òun ni, mà.”

“Kí wá ni mo gun ọkọ̀ láti Ìwó wá ṣe?”

Bàbá mi kò gbà kíá. Ó ní oorun ọ̀sán kan kò tíì tó ẹ̀rí. Wọ́n wá fi ìrìn-àjò náà sí ìparí ọ̀sẹ̀, kí a lè wò ó. Ni eyín òkè bá dé! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ irú ẹni tí màmá mi jẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ onídìrí. Ó bẹ ìyá onílé pé kí odó máa dún. Kí oorun tó tó, ó ki aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, ó fún ọmọ jẹ títí ó fi tẹ́ èrìgì rẹ̀ lọ́rùn. Ó wá tẹ́ ẹ sórí ẹní bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ láyà, orin kan náà. Ọmọ ké. Màmá Ìwó dìde, ó na ọwọ́ sí i.

Màmá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyàwó ilé, níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ! “Ẹ dákun, mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé e.”

 Mo rò pé Màmá Ìwó yóò bú u. Ó padà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ náà má pẹ́ o, ọkàn mi ò gbà á.” Ẹ̀rọ dún. Ọmọ ké díẹ̀ sí i, ó sinmi, ó tún ké, ó sùn.

Nígbà tí ìparí ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀já tuntun náà ni Màmá Ìwó fi di iṣu tí a rà fún un. Òun nìkan ló wọkọ̀.

Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá mi? Onídìrí sọ káàkiri pé ẹ̀yìn òun ló wo ọmọ náà sàn. Bàbá mi ní páúdà ló ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mo ti kàwé dé yunifásítì, mo ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí títí: ọjọ́ díẹ̀ ni eyín fi ń da ọmọ láàmú. Ìwà tí a kọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló ń pẹ́ lára rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Mo ti dárúkọ wọn.

Ayé ti yí padà. Ọmọ mi obìnrin ti bímọ, Nkwelle Ezunaka ni wọ́n ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n mọ ọgbà gíga yí ká. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í hu eyín, fóònù ni ìyá rẹ̀ bi léèrè, fóònù sì dá a lóhùn dáadáa. Ó ń pa àkókò oorun ọmọ mọ́, ọmọ ń sùn. Kò sẹ́ni tó wá pọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó mú páúdà wá. Mo lo oṣù kan lọ́dọ̀ wọn, mo ń retí ẹni tí yóò ṣe àṣìṣe kí n lè bá a jà. N kò rí ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, a pàdé obìnrin tó ń gbé ilé kejì lẹ́nu géètì. Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé méjèèjì.

“Ah-ah, madam,” ó ní fún ọmọ mi, ẹnu yà á, “una don born?”

Ọmọ ọwọ́ náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú eyín mẹ́rin.